Ọ̀fun Tó Gbàgbé Iṣẹ́ Rẹ̀: Ìbéèrè Yín Lórí Oúnjẹ Lẹ́yìn Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ

Láti ìgbà tí mo ti mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ọ̀fun lábala yìí ni lẹ́tà ti ń wọlé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹnu, ahọ́n, ọ̀fun tàbí gògóńgò, àti àwọn ará ilé wọn. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: àìsàn ti lọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ ò lọ. Kíkọ́ èèyàn bí yóò ṣe tún máa gbé oúnjẹ mì ni iṣẹ́ òòjọ́ mi, inú mi sì dùn pé ẹ ń béèrè, torí ọ̀pọ̀ ló jókòó sílé tó rò pé bí ọ̀rọ̀ òun ṣe máa rí títí ayé nìyẹn. Mo ti yọ orúkọ kúrò, mo sì gé àwọn lẹ́tà náà kúrú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹni ọdún 58 ni mí. Jẹjẹrẹ ìdí ahọ́n ni wọ́n bá lára mi, ọ̀sẹ̀ 7 ni wọ́n sì fi fún mi ní ìtànṣán pẹ̀lú kẹ́mò (oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ). Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí a parí. Dókítà ní àrùn náà ò sí mọ́, àmọ́ rọ́bà tí wọ́n fi sí mi níkùn ni mo ṣì fi ń jẹun. Nígbà tí mo dán omi wò, ikọ́ gbé mi dè títí ojú mi fi pọ́n. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ìyàwó mi ní kí n jẹ́ kí ọ̀fun sinmi kó jinná pátápátá kí n tó tún fi nǹkan kàn án. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí? (Bàbá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ewu, ẹ sì kú ìfaradà. Ìfẹ́ ló mú kí ìyàwó yín sọ ohun tí wọ́n sọ, bó bá sì jẹ́ egbò ojúgun ni, òótọ́ pọ́ńbélé ni wọn ì bá sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀fun kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ kó sinmi. Iṣan ló ń gbé oúnjẹ mì. Iṣan tí kò bá sì ṣiṣẹ́ á rù, á le, á gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀fun fún yín, torí mo ti rí i pé ẹni tó bá mọ ìdí tó fi ń ṣe nǹkan máa ń ṣe é dáadáa ju ẹni tí wọ́n kàn pàṣẹ fún. Bí ahọ́n bá ti ti òkèlè sẹ́yìn, ẹ̀yìn àjà ẹnu á gbéra, á dí ọ̀nà imú. Gògóńgò á fò sókè, á sì tẹ̀ síwájú. Ẹ fi ìka lé e lọ́rùn kí ẹ gbé itọ́ mì, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Ìfòsókè yẹn ló ń ràn án lọ́wọ́ láti ti ilẹ̀kùn ọ̀nà èémí, òun náà ló sì ń fa ẹnu ọ̀nà oúnjẹ ṣí. Iṣan tó lé ní 30 ló ń pawọ́ pọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí, tó bá sì ti kúrò lẹ́yìn ahọ́n, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgbà ni èèyàn ń ṣe é lójúmọ́ láìronú kàn án.

Ìtànṣán tó pa jẹjẹrẹ náà kò lè ṣàì kan iṣan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ bó inú ẹnu àti ọ̀fun. Ìyẹn ló fa ìrora tí ẹ jẹ nígbà ìtọ́jú, ó sì máa ń jinná láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ohun kejì ni kì í lọ bọ̀rọ̀: àpá tó ń dì sínú iṣan, tó ń mú un le gan-an, tí gògóńgò ò fi lè gbéra bó ṣe yẹ. Àpá yìí kò ní dúró de ìgbà tí ọkàn yín bá balẹ̀. Bí ẹ ṣe ń sinmi ni òun ń le sí i.

Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí ní ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ MD Anderson ní ìlú Houston, Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí aláìsàn 497 tí wọ́n gba ìtànṣán fún jẹjẹrẹ ọ̀fun. Àwọn tí kò yé fi ẹnu jẹ nǹkan, bó ti wù kó kéré tó, títí ìtọ́jú fi parí, tí wọ́n sì ń ṣe eré ìdárayá ọ̀fun mọ́ ọn, ni jíjẹ mímu wọn dára jù lẹ́yìn náà. Àwọn tí kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì ni tiwọn burú jù. Ẹ̀yin ti kọjá ibi ìtọ́jú, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ṣì kàn yín. Bí ẹnì kan bá wà tó ń ka èyí tí ìtànṣán tirẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀, kó tètè béèrè ẹni tí yóò kọ́ òun ní eré ìdárayá ọ̀fun kí ọjọ́ tó pé.

Ẹ má wá torí èyí dìde lọ bu omi mu o. Àyẹ̀wò ọ̀fun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Màá ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìdáhùn sí lẹ́tà kejì. Títí dìgbà náà, itọ́ yín ni kí ẹ máa gbé mì, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ máa gbé e mì dípò kí ẹ máa tu ú dànù, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnu yín mọ́ tónítóní.

Mo mọ̀ pé ó yà yín lẹ́nu pé omi ló mú ikọ́ wá, omi tí gbogbo ayé rò pé òun ló rọrùn jù. Omi ló máa ń ṣòro jù fún ọ̀pọ̀ àwọn tí mò ń tọ́jú. Ó ń yára. Kí gògóńgò tó ti le tó gbéra, omi ti dé ẹnu ọ̀nà èémí. Ohun tó bá ki díẹ̀ máa ń rọra bọ̀, ó ń fún ọ̀fun láyè láti múra. Àmọ́ bó bá tún ki jù, tí ọ̀fun ò lágbára láti tì í tán, díẹ̀ á kù sílẹ̀ lójú ọ̀nà, á sì yọ́ wọ ọ̀nà èémí lẹ́yìn tí ẹ ti rò pé ó ti lọ. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè jókòó síbí kí n sọ bó ṣe yẹ kí tiyín ki tó.

Òṣùwọ̀n kan wà fún bí oúnjẹ àti ohun mímu ṣe ki tàbí rọ̀ tó, tí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń lò ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. IDDSI ni wọ́n ń pè é, ó sì lọ láti 0 dé 7. Omi lásán ni 0. Oúnjẹ tí a lọ̀ kúnná tí kò ní kókó kankan ni 4. Èyí tí a gé wẹ́wẹ́ tó rọ̀ tó sì ní ọ̀rinrin ni 5, ẹyọ kan rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju mìlímítà 4 lọ fún àgbàlagbà. Oúnjẹ bí gbogbo èèyàn ṣe ń jẹ ẹ́ ni 7. Bí wọ́n bá fún yín ní nọ́ńbà níbi àyẹ̀wò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi han ẹni tó ń se oúnjẹ. Ní ti ohun mímu, ẹ lè fi sírínjì mìlílítà 10 wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ bèèrè irú èyí tó bá òṣùwọ̀n náà mu, torí gígùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ yọ ọ̀pá inú rẹ̀ kúrò, ẹ fi ìka dí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ bu ohun mímu sí i dé 10, ẹ ṣí ìka fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ tún dí i, kí ẹ wo iye tó kù. Bí kò bá tó 1, omi lásán ni. Láti 1 sí 4 jẹ́ ìpele 1, láti 4 sí 8 jẹ́ ìpele 2. Bó bá lé ní 8 tó sì ń kán síbẹ̀, ìpele 3 ni.

Ní ti eré ìdárayá, mẹ́ta ni mo fẹ́ràn láti fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tó yẹ̀ yín wò fọwọ́ sí i. Èkíní: ẹ ti ahọ́n mọ́ àjà ẹnu gírígírí, kí ẹ fún gbogbo ọ̀fun pọ̀ pẹ̀lú agbára bí ẹ ṣe ń gbé itọ́ mì. Èkejì ṣòro díẹ̀: bí gògóńgò bá ti fò sókè, ẹ má jẹ́ kó tètè sọ̀, ẹ fi iṣan mú un dúró lókè fún ìṣẹ́jú àáyá bíi 2 tàbí 3. Ó máa ń gba àwọn èèyàn tó ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó mọ ibi tí agbára ọ̀hún ti ń wá, kí ẹ má sọ̀rètí nù. Ẹ̀kẹta: ẹ yọ ahọ́n síta díẹ̀, ẹ fi eyín rọra dì í mú, kí ẹ wá gbé itọ́ mì. Èyí ni ẹ kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ tàbí omi ṣe láé, itọ́ nìkan. Ẹ pín in káàkiri ọjọ́, díẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀ lọ́sàn-án, díẹ̀ lálẹ́, kí ó má di pé ẹ ṣe é títí ó fi rẹ̀ yín lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí wọ́n bá ti wá fún yín láyè láti fi nǹkan sẹ́nu, ìdajì ṣíbí ìtíì ti tó. Ẹ jókòó tọ̀ọ́, ẹsẹ̀ yín nílẹ̀, kí ẹ pa rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ẹ gbé e mì, ẹ tún gbé òfìfo mì lé e. Lẹ́yìn náà ẹ sọ pé "áà" kí ẹ tẹ́tí sí ohùn yín. Bí ohùn bá dún bí ẹni pé omi wà nínú rẹ̀, ẹ húkọ́, ẹ tún gbé mì, kí ẹ tó fọwọ́ kan ṣíbí mìíràn. Ẹ má dùbúlẹ̀ títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá.

Ẹ̀rù tí ẹ ń sọ yẹn, mi ò fojú kéré rẹ̀. Mo tọ́jú ọkùnrin kan tí ọ̀fun rẹ̀ ti yege àyẹ̀wò, síbẹ̀ bó bá ti gbé ṣíbí yógọ́ọ̀tì dé agbede méjì àyà àti ẹnu, ọwọ́ rẹ̀ á dúró síbẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. A fi ṣíbí sílẹ̀. A ní kó máa gbóòórùn rẹ̀ nìkan. Lọ́jọ́ mìíràn ó fi kan ètè, ó lá a. Ìgbà tó ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló bu ṣíbí àkọ́kọ́, mi ò sọ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ara ló kọ́kọ́ ń rántí ewu, ara náà la gbọ́dọ̀ fi sùúrù bẹ̀. Nítorí náà ẹ má ṣe bínú sí ara yín bí ọwọ́ bá dúró.

Rọ́bà ikùn kì í ṣe ọ̀tá. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ lè máa kọ́ oúnjẹ láìsí pé ebi ń lé yín. Bí ohun tí ẹ ń fi ẹnu jẹ bá ṣe ń pọ̀ ni wọn yóò máa dín ti rọ́bà kù, wọn kì í sì í sábà yọ ọ́ àfi bí ẹ bá ti lè fi ẹnu jẹun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìwọ̀n ara yín kò já. Títí dìgbà yẹn, ẹ máa fi omi fọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́, kódà bí ẹ ò bá lò ó.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ṣeun tí ẹ ń dá wa lóhùn. Ọkọ mi ti parí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọ̀fun, ó sì ń jẹun dáadáa, kì í húkọ́ rárá. Ohun tó kàn ń yà mí lẹ́nu ni pé ohùn rẹ̀ máa ń dà bíi ti ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ibà sì ti mú un lẹ́ẹ̀mejì láìpẹ́ yìí. Ó ní kí n yé dààmú. (Ìyàwó Olóùnjẹ)

ÌDÁHÙN: Ìyàwó Olóùnjẹ, ẹ máa dààmú. Ẹ sì gbé e lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Bí ibà náà bá tún padà dé tàbí tí mímí bá ń ni í lára, ẹ má dúró di ọ̀la.

Gbogbo wa la gbà pé bí oúnjẹ bá gba ọ̀nà òdì, ikọ́ á tú u síta. Òótọ́ ni, tí ọ̀fun bá ṣì mọ nǹkan lára. Ìtànṣán lè pa ìmọ̀lára yẹn, débi pé omi á wọ ọ̀nà èémí lọ, ara ò ní fura. Àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń bẹ̀rù irú rẹ̀ ju ikọ́ lọ, torí ẹni tó ń húkọ́ ṣì ń gba ara rẹ̀ là. Ohùn tó lómi, ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, àyà tó ń ké, kí èèyàn máa rù láìmọ ìdí, kí èémí máa kúrú lẹ́yìn oúnjẹ: ìwọ̀nyí ni kí ẹ máa ṣọ́.

Àyẹ̀wò méjì ló lè fi hàn. Nínú ọ̀kan, wọ́n á ti kámẹ́rà tín-ín-rín gba ihò imú, á dúró lókè ọ̀fun, á máa wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ ṣe ń jẹun. Nínú èkejì, wọ́n á po báríọ́ọ̀mù (èròjà tó máa ń hàn lójú X-ray) mọ́ oúnjẹ àti omi, ẹ ó jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ X-ray, wọ́n á sì máa wò ó bí ó ṣe ń rìn. Mo rántí obìnrin kan tó jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn. Lójú ẹ̀rọ, báríọ́ọ̀mù kọjá ẹ̀yìn ahọ́n rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó dúdú, ó nípọn. Lẹ́yìn náà ni okùn dúdú tín-ín-rín kan yà kúrò lára rẹ̀, ó gba iwájú, ó sọ̀ kalẹ̀ wọ ọ̀nà èémí lọ. Obìnrin náà ò mira. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó ń retí ṣíbí kejì.

Àyẹ̀wò náà kò wà fún kí wọ́n kàn gba oúnjẹ lẹ́nu ọkọ yín. Ibẹ̀ gan-an la ti ń dán nǹkan wò. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé bó bá kàn tẹ orí ba, tí àgbọ̀n rẹ̀ súnmọ́ àyà, ọ̀nà èémí á dí dáadáa. Ẹlòmíràn, ó ní láti yí orí sí ẹ̀gbẹ́ tí kò lágbára kí oúnjẹ lè gba ẹ̀gbẹ́ tó lágbára. A sì máa ń kọ́ àwọn kan pé kí wọ́n séèémí, kí wọ́n gbé mì, kí wọ́n húkọ́ lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n tó fà èémí sínú, kí wọ́n tún gbé mì. Ẹ má ṣe mú ìkankan nínú ìwọ̀nyí lò láti inú ìwé ìròyìn yìí. Títẹ orí ba tó gba ẹnì kan là máa ń da oúnjẹ sọ́nà òdì fún ẹlòmíràn, ojú ẹ̀rọ nìkan ló lè sọ èyí tó jẹ́ tọkọ yín.

Ohun kan wà tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní: ẹnu fífọ̀. Bí nǹkan bá ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kòkòrò tó bá a wọlé láti inú ẹnu wà lára ohun tó ń dá àìsàn sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹnu tó mọ́ kì í jẹ́ kí kòkòrò náà pọ̀. Kó fọ eyín àti ahọ́n ṣáájú oúnjẹ àti lẹ́yìn rẹ̀, àti kó tó sùn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni ọdún 34 ni mí. Mo lè gbé nǹkan mì, àmọ́ ẹnu mi gbẹ bí ìyẹ̀fun, oúnjẹ ò sì ní adùn kankan. Ẹran ń há mọ́ mi lẹ́nu, búrẹ́dì ń lẹ̀ mọ́ àjà. Ṣé adùn á padà?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Adùn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í padà láàárín oṣù díẹ̀, ó sì lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dúró síbi tó máa dúró. Kì í fìgbà gbogbo padà tán. Ẹ má fi ohun tí ẹ dán wò lóṣù yìí dá oúnjẹ lẹ́jọ́. Ohun tí kò dùn lónìí, ẹ tún fi kan ẹnu lóṣù tó ń bọ̀.

Itọ́ ni ọ̀rọ̀ tó gùn jù. Bí ìtànṣán bá ti kan ibi tí itọ́ ti ń sun, pàápàá èyí tó wà níwájú etí, itọ́ á dín kù, èyí tó kù á sì máa fà. Bó ṣe máa padà tó wà lọ́wọ́ bí ìtànṣán tó kàn án ṣe pọ̀ tó. Bí ọ̀fun yín bá ti yege fún omi, ẹ má ṣe rìn láìsí ìgò omi lọ́wọ́, kí ẹ máa mu díẹ̀díẹ̀ sáàárín òkèlè. Ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ pọ̀ lórí ohun gbogbo. Búrẹ́dì àti ẹran gbígbẹ ni wọ́n máa ń padà kẹ́yìn, nítorí náà ẹ má fi wọ́n ṣe òṣùwọ̀n. Ẹyin, ẹja tó rọ̀, ọ̀dùnkún tí a gún pẹ̀lú wàrà àti bọ́tà: ẹ tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Fún ẹnu, ẹ po ṣíbí ìtíì kan iyọ̀ àti ṣíbí ìtíì kan sódà tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì (baking soda) sínú lítà omi kan, kí ẹ máa fi yọ ẹnu, kí ẹ sì tu ú dànù. Èyí tó ní ọtí nínú tí wọ́n ń tà, ẹ yẹra fún un, ó tún ń mú ẹnu gbẹ ni.

Eyín yín wà nínú ewu jù bí ẹ ṣe rò lọ, torí itọ́ ló ń ṣọ́ eyín. Ẹ béèrè fún ọṣẹ eyín tí fluoride rẹ̀ pọ̀. Mo sì ń bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ eyín lẹ́nu yín láìjẹ́ pé ẹ ti sọ fún un pé ìtànṣán ti kan àgbọ̀n yín rí. Egungun tí ìtànṣán ti kàn lè kọ̀ láti jinná, ewu náà kì í sì í tán lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Ẹ tún wo bí ẹnu yín ṣe ń là tó. Ìka mẹ́ta, lórí ara wọn, ló yẹ kó gba àárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀. Bí kò bá gbà wọ́n mọ́, ẹ tètè sọ ọ́, torí àgbọ̀n tó ti ń le ń gbọ́ràn bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í nà án.

ÌBÉÈRÈ: Oògùn oníhóró ń há mi lọ́fun. Ṣé mo lè lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ oúnjẹ?

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ bi apòògùn. Àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ṣe kí ó lè máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ láàárín wákàtí púpọ̀. Bí ẹ bá lọ̀ wọ́n, gbogbo agbára wọn á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn sì lè ṣe yín ní jàǹbá. Ọ̀pọ̀ oògùn ló ní èyí tó jẹ́ olómi.

ÌBÉÈRÈ: Ó ti lé ní ọdún 10 tí mo ti gba ìtànṣán sí ọrùn. Mo ń jẹ ohun gbogbo tẹ́lẹ̀. Láti bí ọdún kan sẹ́yìn, oúnjẹ ń há, ọ̀rọ̀ ẹnu mi náà ò já gaara mọ́. Ọmọ mi ní ọjọ́ orí ni. Ṣé jẹjẹrẹ ti padà ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin àgbà, mi ò ní sọ fún yín pé ọjọ́ orí ni. Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tó tọ́jú yín kí wọ́n wo ọ̀fun náà dáadáa, torí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé àrùn náà ò padà. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, kókó tuntun lọ́rùn, tàbí ìrora tó ń gun etí, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń pè wọ́n, kí wọ́n má fi ọjọ́ yín sí ẹ̀yìn.

Àmọ́ ohun mìíràn wà tó ń fa irú èyí, tí wọn kì í sì í sọ fún àwọn èèyàn nígbà tí ìtọ́jú bá parí. Àpá tí mo sọ fún Bàbá Ìbejì lókè lè máa le lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì lè wá fún okùn tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ wá sí ahọ́n àti ọ̀fun pọ̀. Ẹni tó ti ń jẹun fàlàlà á wá rí i pé ahọ́n òun ń rọ. Ó tún lè jẹ́ pé ọ̀nà oúnjẹ ti súnkì níbì kan, ìyẹn sì wà lára ohun tí dókítà lè fi ẹ̀rọ fẹ̀ padà. Fún èyí tó jẹ́ ti okùn iṣan, mi ò ní fi dídùn ọ̀rọ̀ tàn yín: eré ìdárayá kì í dá a padà bó ṣe ń ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìtọ́jú. Iṣẹ́ wa níbẹ̀ ni láti dá ewu dúró, kí a wá irú oúnjẹ àti ìjókòó tó máa jẹ́ kí ẹ lè máa jẹun lọ láìséwu. Ẹ lọ nísinsìnyí, kí òtútù àyà má bàa jẹ́ ohun tó máa gbé yín lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá mi ò bá wa jókòó jẹun mọ́. Wọ́n á gbé àwo wọn wọ yàrá, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Bí a bá ní kí wọ́n jẹ sí i, wọ́n á bínú. Wọ́n sì ń rù. Kí ni ká ṣe? (Àkọ́bí)

ÌDÁHÙN: Àkọ́bí, ẹ ṣé tí ẹ rí i. Ìyá yín ò kórìíra yín. Ẹni tó ń tún oúnjẹ kọ́ kì í lè sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń jẹun. Ó ní láti fi ọkàn sí òkèlè kọ̀ọ̀kan, oúnjẹ á tutù kó tó dé ìdajì, nǹkan lè ṣàn létí ẹnu rẹ̀ láìmọ̀, ó sì lè fẹ́ húkọ́ síta. Kí ó wá jẹ́ pé àwọn ọmọ ló ń wò ó.

Ọ̀rọ̀ "ẹ jẹ díẹ̀ sí i" yẹn, ẹ dá a dúró pátápátá, ẹ̀yin àti gbogbo ilé. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń rọ̀ máa ń yára, yíyára ló sì ń mú kí oúnjẹ pá èèyàn lórí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ fi kún agbára ohun tó wà nínú àwo láìfi kún ìwọ̀n rẹ̀: wàrà oníyẹ̀fun nínú ohun mímu, ẹyin, bọ́tà tàbí òróró nínú ohun tí a gún. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́. Àwo kékeré ni kí ẹ lò, kí wọ́n lè rí i pé àwọn jẹ ẹ́ tán.

Ní ti jíjókòó pọ̀, ẹ yọ oúnjẹ kúrò nínú rẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun tiwọn ní yàrá lálàáfíà, kí ẹ wá pè wọ́n sí tábìlì lẹ́yìn náà pé ẹ fẹ́ gbọ́ ohùn wọn, láìgbé àwo síwájú wọn. Bó bá pẹ́, bí wọ́n bá fẹ́, wọ́n á mú ife tiwọn wá. Ohun tó wà nínú ife náà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lé. Bí ikọ́ bá mú wọn, kí ẹ má sáré dìde gbá wọn lẹ́yìn, ẹ dákẹ́ kí wọ́n húkọ́ tán. Kìkì bí wọn ò bá lè húkọ́, tí wọn ò lè sọ̀rọ̀, tí wọn ò lè mí, ni kí ẹ sáré ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí náà kí ẹni kan nínú ilé lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀, pẹ̀lú irú aṣọ kan náà, ẹ wọn ìyá yín kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ń já lọ́sẹ̀ méjì tẹ̀ léra, ẹ gbé ìwé náà lọ fún dókítà, kí ẹ sì béèrè fún àyẹ̀wò ọ̀fun tí mo sọ fún Ìyàwó Olóùnjẹ. Ìyá yín lè máa rù torí pé ó ń rẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó jẹ tán, wọ́n sì lè máa bínú torí pé kò sẹ́ni tó tíì bi wọ́n pé ibo gan-an ni oúnjẹ ń dúró sí. Ẹ bi wọ́n.